Ọdún Wo?

Ọjọ́ tí ìyá ìyá mi kọ́kọ́ dé Ẹ̀pẹ́,
ẹ̀wù òtútù ló gbé mọ́yà bí ọmọ tuntun,
ẹ̀wù onírun tó wúwo ju àpótí rẹ̀ lọ.
Ìyá ọkọ rẹ̀ ní Pópó-Ọba wo ẹ̀wù, ó wo oòrùn,
ó ní, "Gàníyù, ẹranko wo lẹ pa?"

Halyna ni wọ́n sọ ọ́ ní Poltava.
Ahọ́n Ẹ̀pẹ́ yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún,
ó di Àlínà. Nígbà tó bí màmá mi, ó di Ìyá Múínà,
òyìnbó tó ń pọnmọ lọ sétí ọ̀sà,
tí ọmọ ń yọ̀ sísàlẹ̀ nítorí kò mọ ọ̀já í so.
Àwọn ẹlẹ́ja Olúwo ló kọ́ ọ:
"Bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yìn lọmọ ń gbé, kì í ṣe ìdí."

Ọkọ rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ omi lọ́hùn-ún.
Kó tó bọ̀, ẹ̀rọ omi ìjọba ti kú.
Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ń tún un ṣe.
Bàbá àgbà kú. Ẹ̀rọ náà kò jí.
Wọ́n ní, "Àlínà, ṣé o ò ní í padà sílé báyìí?"
Ó ní, "Ta ni yóò máa bomi rin ìsápá mi?"

Ìsápá yẹn.
Kò rí gbòǹgbò pupa ilé wọn rà níbí,
èyí tí í pa ọwọ́ alásè láró,
ló bá fi ìsápá dípò,
ó fi àrọ̀ gbígbẹ sí i, ó rẹ́ kábéèjì lé e,
ó bù ú fún wa, ó ní ọbẹ̀ ilé òun ni.
Irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó mọ ọbẹ̀ yẹn ní Poltava,
kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní Ẹ̀pẹ́.
Ilé wa nìkan ni ìlú rẹ̀.

Nígbà tí ogun dé bá ìlú wọn,
kò sunkún lójú wa.
Alaalẹ́ ni Motria àbúrò rẹ̀ ń pè é láti abẹ́ ilẹ̀,
màmá àgbà á gbé fóònù sáàárín èjìká òun etí,
á máa yọ eegun ẹja, ẹja tí kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ ẹ́.
Motria bi í lálẹ́ kan: ṣé ilé yín ní yàrá abẹ́ ilẹ̀?
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
Ní Ẹ̀pẹ́, gbẹ́lẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ méjì péré,
omi ọ̀sà á yọjú, á ní ẹ káàbọ̀.

Ọjọ́ Káyó-káyó ni ó ṣẹlẹ̀.
Àwọn ọmọ àdúgbò ju bángà sójúde, gbàù!
Motria figbe ta nínú fóònù.
N kò gbọ́ èdè wọn tó bẹ́ẹ̀,
ṣùgbọ́n ta ni kò gbọ́ "dọ̀bálẹ̀!"
Màmá àgbà fẹ́ sọ pé kò séwu, pé ọdún ni.
Ọ̀rọ̀ kan ló sọ: "Rik."

Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi.
Rik ni oṣù méjìlá,
rik ni wọ́n ń gbẹ́ sára òkúta ibojì.
Ọdún tí à ń jẹ àti ọdún tí à ń kà,
ọ̀kan náà ni lẹ́nu wa. Lẹ́nu tiwọn, ọ̀tọ̀ lọ̀tọ̀.
Ẹ̀pẹ́ ti wọnú èdè ìyá rẹ̀,
ó ti jókòó, ó ti nasẹ̀,
kò sì sẹ́ni tó sọ fún un.

Motria dákẹ́.
Lẹ́yìn náà, láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ jíjìn:
"Rik? Ọdún wo?"

Màmá àgbà gbé fóònù kúrò létí,
bángà mìíràn dún lójúde,
ó wò mí
bí ẹni pé èmi ló yẹ kí n mọ̀.