Ìlà Kẹrin

Aago ìsáré tí mo fi ṣiṣẹ́ ọdún mọ́kànlélógún
ṣì wà nínú àpótí mi. Dígí rẹ̀ ti sán.
Ìṣẹ́jú àáyá nìkan ló mọ̀ ọ́n kà,
kò bi ẹsẹ̀ kan rí pé, irú ènìyàn wo ló ni ọ́?

Èmi ni mo máa ń bi wọ́n.
Èmi Ọ̀ṣínọ́wọ̀, tíṣà eré ìdárayá n'Íṣarà,
tí mo fi rúlà pín ìwé orúkọ sí méjì,
ọkùnrin lápá ọ̀tún, obìnrin lápá òsì,
tí Ìbíyẹmí Odùfúwà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún,
fi dúró níwájú tábìlì mi, tó ní,
"Sà, ẹ kọ mí sí ibi tí n kò sí."

Mo rò pé àwàdà ni.
Rárá o. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń wí yé mi.
Gègé pupa ni mo fi fàgi lé orúkọ rẹ̀
lọ́dún tí kò sẹ́ni tó lè bá a dé òpin irínwó mítà
ní gbogbo Rẹ́mọ, láti Ìpẹru títí dé Ògèrè.

Ó lọ. Ọdún mẹ́tàlá.
Ìyá rẹ̀ ń bó obì l'Ákàkà,
àbàwọ́n obì kò kúrò léèékánná rẹ̀ mọ́.
Wọ́n á ní, "Ọmọkùnrin rẹ ńkọ́?"
Á ní, "Ó wà."
Wọ́n á ní, "A gbọ́ pé ó ti di obìnrin nídàálẹ̀."
Á ní, "Ó wà."
"Ó" kan ṣoṣo. Èdè wa kò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Àwa la gbé ìbéèrè lé e lórí.

Ọjọ́ tó padà dé, ọyẹ́ bo òkè Ìṣarà,
ìlú tó fi ọta mọ odi.
Mo gbọ́ ẹsẹ̀ kí n tó rí ojú:
ọ̀tún wúwo díẹ̀, òsì fúyẹ́,
bí ẹni ń kanlẹ̀kùn tí kò fẹ́ jí onílé.
Láyé ọjọ́sí, ṣe ló máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi
bí ẹni tó ru ẹrù ẹlẹ́rù.
Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó kúnlẹ̀.
Orúnkún rẹ̀ kan ilẹ̀ bí ẹni tó délé.

Wọn ò jẹ́ kó díje mọ́.
L'Ábẹ́òkúta, wọ́n ní kó lọ, kó bọ̀.
Ó lọ. Ó bọ̀. Ó lọ nígbà méje,
pẹ̀lú fáìlì kan náà lábíyá,
kì í ṣe nítorí ara rẹ̀ nìkan, ó ní,
nítorí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.
Nípàdé àwọn òbí, baba kan pariwo,
"Kí leléyìí fẹ́ kọ́ ọmọ wa?"
Ó ní, "Bí wọ́n ṣe ń sáré
nígbà tí kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́."
Ìdajì àwọn òbí jáde.
Ìdajì tó kù kò sọ nǹkan kan,
ṣùgbọ́n wọn ò dìde.

Ọmọ mẹ́rin ló kọ́kọ́ wá ní Sátidé.
Ní báyìí wọ́n ti tó mọ́kàndínlógún.
Adégbùsì, tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀,
bi í lẹ́yìn eré, "Àǹtí, ṣé ẹ̀rù kì í bà yín?"
"Ó ń bà mí. Òun ni mo fi ń sáré."
Ọmọ náà wo bàtà ara rẹ̀ títí,
ó wá so okùn rẹ̀ le.

Lánàá mo mú ìwé tuntun. Mi ò pín in.
Mo fi eérú fa ìlà mẹ́jọ sórí pápá.
Ọ̀nà kan ò wọjà, a máa ń wí i,
a kì í sì í gbà á gbọ́.
Ó bọ́ sí ìlà kẹrin, mo tẹ aago.

Dígí tó sán kò jẹ́ kí n rí nọ́mbà ìkẹyìn.
Mo ní, "Forí jì mí." Mi ò sọ ohun tó yẹ kó forí jì.
Ó ń mí gúlegúle, ó rẹ́rìn-ín:
"Ẹ má ṣèyọnu, sà. Mo mọ ibi tí mo wà."