Àlejò Yàrá Òkè

Ní ìlú Geel, nílẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù,
ilé wa ní yàrá kan lókè tí kì í ṣe tiwa.
Achiel ló ni ín.
Bàbá bàbá mi ló gbà á sílé lọ́dún tí yìnyín pa ọ̀dùnkún;
kí wọ́n tó bí mi, àlejò ti di ará ilé.
Ó ń fún màlúù lóúnjẹ. Ó ń ka àtẹ̀gùn bó ṣe ń gùn ún,
mẹ́tàlá, a tún un kà, mẹ́tàlá,
nítorí ẹnì kan wà nínú ògiri tó ń takú pé méjìlá ni.

Mo bi í nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje:
"Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀?"
"Ọkùnrin mẹ́ta, obìnrin kan.
Obìnrin yẹn kò burú. Ó mọ orúkọ ìyá mi."
Mo fetí lé ògiri.
Omi ni mo gbọ́, tó ń ṣàn nínú páìpù.
"Wọn ò ní bá ọ sọ̀rọ̀," ló wí, "èmi ni wọ́n bá wá,"
bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún àlejò tí kò mọ ìwà hù.

Dókítà kọ orúkọ kan sínú ìwé rẹ̀: sikisofiréníà,
orúkọ tó gùn ju ẹnu ìyá àgbà lọ.
Àwọn ọmọ iléèwé ní ènìyàn méjì ló wà nínú rẹ̀.
Irọ́ ni. Achiel kan ṣoṣo ni;
ariwo ló pọ̀ létí rẹ̀.

Wọ́n ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ.
Wọn ò sọ bóyá ó ṣeé gbà lálejò.

Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ojú rẹ̀ ti rí nǹkan.
Wọ́n tì í bọ omi tútù títí ètè rẹ̀ fi dà bí ẹ̀lú.
Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ínsúlínì,
ó sùn, ó sùn, ó sùn kọjá oorun,
wọ́n wá fi ṣúgà fà á padà bí ẹní fa garawa nínú kànga.
Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ti irin bọ ọpọlọ rẹ̀ —
orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́ —
Godelieve àbúrò rẹ̀ kò pòwe, kò jà.
Ó kàn jókòó síwájú ilẹ̀kùn, búrẹ́dì nínú àpò,
kò dìde títí ilẹ̀ fi ṣú.
Ọkùnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì kò ní àbúrò.
Ó jáde, ó rọlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín,
kò rántí bí a ṣe ń so okùn bàtà mọ́.

Lẹ́yìn náà ni hóró oògùn dé.
Àwọn ohùn yẹn kò kú; wọ́n sún sẹ́yìn, bíi rédíò ará ilé kejì.
Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kọfí ń dà sórí aṣọ tábìlì,
ó ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn.
Ìyá àgbà kò sọ nǹkan kan. Ó lọ sọ́jà, ó ra ife elétí méjì.

Ọdún gorí ọdún. Oògùn mìíràn dé,
èyí tí wọ́n ń torí rẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀.
Dókítà ọ̀dọ́ kan, Hanneloor, fa àga súnmọ́ ọn:
"Kí ni wọ́n ń sọ fún ọ?"
Achiel nawọ́ sí mi.
"Ọmọ yìí nìkan ló bi mí rí."
Mo ti bímọ méjì nígbà náà.

A sin ín nínú oṣù kẹta, ẹrẹ̀ bo bàtà wa.

Yàrá náà ti lẹ́ni báyìí: Joppe, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.
Kò pẹ́ tí ohùn bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi tètè rí i;
omi tútù kò kàn án rí.
Láàárọ̀ àkọ́kọ́, mo ní kó mú ife tó bá wù ú lórí pẹpẹ.
Elétí méjì ló mú.
Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n o.
Ó kàn wù ú ni.