Ta Ló Ṣíwájú Rẹ?

Oṣù kẹrin, ní Kumbakónámù, létí odò Kàfẹ́rì.
Oòrùn ti ń ta kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.
Alamélù ìyá mi tẹ́ ògbólógbòó sárì kan sórí òrùlé pẹrẹsẹ,
èyí tó fi gbé mi wálé láti ọsibítù,
ó da ata gbígbẹ lé e lórí,
pupa bí ojú ẹni tó sunkún sùn.
Igi gígùn kan ni tèmi, kí n máa fi lé kannakánná.
Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí.
Kannakánná mọ̀ pé ọwọ́ mi ò yá.

Ọjọ́ kejì, a jókòó, a ń ṣà á.
Koriánda, ká yọ igi rẹ̀. Òtìlì, ká yọ òkúta.
Atalẹ̀ pupa, líle bí eegun ìka,
òkúta ọlọ ni a fi fọ́ ọ.
Ṣùgbọ́n fẹndayámù,
hóró wẹẹrẹ aláwọ̀ iyanrìn tó korò ju òótọ́ lọ,
ìyá mi ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.
"Ìyẹn," ó ní, "kì í ṣe ohun tí à ń fi ife wọ̀n."
Ó bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó, ó dá díẹ̀ padà,
ó tún wò ó,
ó dá hóró mẹ́ta padà.

A yàn án tán, a wá yan án,
lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú agbada irin,
torí kálukú ló ní ìgbà tirẹ̀ nínú iná.
Òtìlì pọ́n. Koriánda ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.
Nígbà tó kan ata, ata gba gbogbo ilé lọ́wọ́ wa.
Bàbá mi sín títí dé ojúde.
Ológbò tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni náà sín.
Ìyá mi nìkan ni kò sín.
Ó ń fimú kà á bí ẹni ń ka lẹ́tà.

Ó de agolo, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi:
"Máa lọ sọ́dọ̀ Arokiásámì onílé ìlọta.
Béèrè ẹni tó ṣíwájú rẹ.
Tó bá jẹ́ ìrẹsì ló lọ̀, dúró kí ẹlòmíràn kọjá.
Ẹ̀rọ kì í jẹun tán;
ẹ̀kúnwọ́ kan máa ń kù sí i lẹ́nu.
Tiwa á kù fún ẹlòmíràn,
tẹlòmíràn á bá wa wálé."

Ẹni tó ṣíwájú mi ni Sifakámì,
ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá,
tí òun àtìyá mi ò tíì bára sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án
nítorí ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà kan tí ìyá wọn fi sílẹ̀,
tó wà ní báńkì, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò wọ̀ rí.
Ìyẹ̀fun pupa bo irun ìpéǹpéjú rẹ̀.
Ó wò mí. Ó wo agolo.
Kò dá mi lóhùn.
Ó kàn sún díẹ̀, kí n lè dé ibòòji.
Arokiásámì ní, "Ẹbí kan náà ni yín,
kí ni mo tún ń gbọ̀n dànù?"
Ó da tiwa sí i.

Mo lọ, mo lọ̀ ọ́, mo bọ̀.
Mi ò sọ nǹkan kan.
A tẹ́ ẹ sórí ìwé ìròyìn kó tutù.
Lálẹ́, ìyá mi fi se sámbà,
òtìlì, omi ajàgbọn, àlùbọ́sà kéékèèké.
Ó fi ìka tọ́ ọ wò. Ó dúró.
Ó tún tọ́ ọ wò.
"Ta ló ṣíwájú rẹ?"
Mo ń wo ẹsẹ̀ mi.
"Fẹndayámù yìí fi hóró mẹ́ta pọ̀ jù," ó ní.
"Bẹ́ẹ̀ ni màmá wa ṣe máa ń ṣe é."
Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.
Ó bu ìrẹsì, ó da ọbẹ̀ lé e, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró,
ó tún bù.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ata gbẹ,
ó bi mí, bí ẹni tí kò bìkítà,
pé ọjọ́ wo ni àwọn yẹn ń lọ sọ́dọ̀ Arokiásámì.
Mo ní Ọjọ́rú.
Ó ní a ó yan tiwa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.