Ewé Kan Tó Já

Ìwé náà kò ní èèpo mọ́ nígbà tí mo bá a pàdé.
Ó so rọ̀ lórí ìṣó ní ìsọ̀ Ìyá Ràfátù,
ẹni tó ń ta kẹrosíìnì ní Ìgbẹ̀ìn.
Òórùn ọjà rẹ̀ ti wọ ìwé náà lára
bí aró ṣe ń wọ èékánná àwọn obìnrin Ìtòkú.

Orúkọ òǹkọ̀wé ńkọ́? Eku ti jẹ ẹ́.
"Ṣó" nìkan ló ṣẹ́kù lẹ́yìn ìwé.
Ṣó! Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá!
Ẹ jọ̀ọ́, ta ni a ó mú, ta ni a ó fi sílẹ̀?
Ilé Ṣówándé ní àwọn ló bí i.
Ilé Ṣódípọ̀ ní irọ́ ni, ẹ wo bó ṣe ń fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́,
ẹnu bàbá àwọn gan-an nìyẹn.
Arúgbó kan tilẹ̀ gbé fọ́tò wá láti Ìjẹùn,
ó ní kí wọ́n bá òun gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà,
kí a wò ó bóyá wọ́n jọra.

Náírà márùn-ún la fi ń yá a fún ọjọ́ mẹ́ta,
a ó sì fọwọ́ kí a tó ṣí i.

Ṣùgbọ́n ewé kan ti já níbẹ̀.
Lójú ìwé kẹrìndínláàádọ́rin,
obìnrin atukọ̀ náà dúró létí Odò Ògùn lóru,
ẹsẹ̀ kan nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ kan lórí iyanrìn,
ẹnìkan sì pè é lẹ́yìn.
Kò tíì yíjú.
Ojú ìwé tó kàn, ọdún mẹ́jọ ti kọjá,
ó wà ní ìlú mìíràn, ó ń jẹ́ orúkọ mìíràn,
ó ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò sì sí mọ́.

Ta ló pè é? Ta ló gba ọwọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ béèrè.
Káfíńtà kan ní Adátán ti fi pẹ́ńsù kọ tirẹ̀ sétí ìwé:
"Ọkọ rẹ̀ ni. Mo mọ irú wọn."
Akọ̀wé rélùwéè ní Láfẹ́nwá kọ ọ́ sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì, ó tì í bọ àárín:
"Kò sẹ́ni tó pè é. Odò ni."
Aránṣọ kan kọ odidi ewé mẹ́rin,
ó fi òwú dúdú rán an mọ́ ìwé,
kò jọ pé ó fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí.
Mo ya àárín ìwé ìṣirò mi,
mo jókòó sábẹ́ Olúmọ, níbi tí òkúta ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ́yìn ọ̀sán,
mo kọ ọ́ pé ìyá rẹ̀ ló pè é,
ìyá tó ti kú.
Mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ.
Nígbà tí mo gbójú sókè, wọ́n ti ń tan àtùpà nísàlẹ̀,
láti Aké títí dé Ìkìjà,
ìyá tèmi sì ń pè mí.
Èmi náà kò tíì yíjú.

Wọ́n ń béèrè ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ìwé kíkọ.
Kí ni n óò wí? Ṣó ni.
Ẹni tí eku jẹ orúkọ rẹ̀ tí kò rí ohùn rẹ̀ jẹ.

Lọ́dún tó kọjá, ní yàrá ìkàwé kan ní Òkè-Mósàn,
mo rí i lódindi: èèpo, orúkọ, ewé tó já.
Kì í ṣe ilé Ṣówándé. Kì í ṣe ilé Ṣódípọ̀.
N kò ní í sọ; mo ṣì fẹ́ máa gba Ìgbẹ̀ìn kọjá ní àlàáfíà.
Mo ṣí i dé ibi ẹsẹ̀ kan nínú ọkọ̀.
Ìka mi ti wà lábẹ́ ewé.
Mo pa ìwé dé.

Mo ròyìn fún Ìyá Ràfátù. Ojú rẹ̀ ti fọ́ báyìí,
ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń kà á fún un bí wọ́n bá ti ìsọ̀ tán.
Ó ní, "O ò kà á? O ṣeun.
Eléyìí ò tíì kọ tirẹ̀."
Ọmọ náà kò wò wá. Bírò wà lẹ́nu rẹ̀.
Ó ní, "Ẹ dákẹ́ ná."