Omi Inú Káàdì Mẹ́ta

Nígbà tí ọkọ̀ Èjìnrìn tó kẹ́yìn bá ti so mọ́ èbúté Ẹ̀pẹ́,
tí Sàbítíù ti fi kẹrosíìnì fọ girísì kúrò ní ìka,
a ó jókòó yí àpótí yìnyín ká, a ó tan iná sólà,
ìdérí ìgò á di owó:
àádọ́ta náírà lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá pupa, igba.

Kí káàdì tó ṣí ni mo ti sọ owó sókè.
Éésì àti ọba ló wà lọ́wọ́ mi,
mo rò pé ayé ti gbọ́.
Mọnsúrá onítíkẹ́ẹ̀tì tẹ̀lé mi.
Sàbítíù tẹ̀lé mi, ó ń họ orúnkún.

Ọba kan ṣí, èje kan, èjì kan,
ìdílé mẹ́ta tí kò bára tan.
Ilẹ̀ gbẹ bí panla.
Ayọ̀ pa mí, mo da ogún ìdérí síwájú.
Wọ́n wò mí. Wọ́n da káàdì wọn dé.
Ìwọ̀nba tó ti wà nílẹ̀ náà ni mo kó.
"Ọmọ Jíńádù," Sàbítíù ní, "ta ní ń fi àdá gé búrẹ́dì?
Omi tí kò ní koríko, tí o rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kedere,
ariwo kí lo fẹ́ pa níbẹ̀?
Pín ohun tó wà nílẹ̀ sí mẹ́ta, fi ìdá kan lélẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́,
kí ẹni tó ní èje lè tọ̀ ọ́ wá."

Mo gbọ́. Mi ò gbọ́ ọ yé.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, éésì méjì ni wọ́n fún mi.
Jáàkì, ẹ̀sán, ẹ̀jọ ló ṣí, méjì nínú wọn ọlọ́kàn pupa.
Òṣíbàtà bo ojú omi,
gbogbo abẹ́ ewé ló ń mí.
Èmi tí mo kọ́ ẹ̀kọ́ àná, mo fi ìdérí mẹ́ta síbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.
Ta ni kò ní san ìdérí mẹ́ta láti yọjú wo ọ̀la?
Mọnsúrá san. Sàbítíù san, kò tilẹ̀ wo káàdì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.
Ọlọ́kàn kẹta wọlé bí àna tó mọ ilé.
Owó páànù ilé ìdáná ìyá mi bá a lọ.

Mọnsúrá ń to ìdérí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀:
"Ṣé o ò rí i pé ibẹ̀ rin ni?
Ibi tó bá rin báyìí, tí o bá ní i lọ́wọ́, gba owó ọkọ̀ pé.
Ẹni tó fẹ́ kọjá, kó san kó tó wọlé.
Tí o kò bá ní i, lu àpótí pẹ́pẹ́, ká ọwọ́ rẹ.
Kò sófin pé ẹni tó kọ́kọ́ pariwo
ló gbọ́dọ̀ máa pariwo lọ."

Èyí ni mo gbé sùn,
èmi tí mo ti sọ fún gbogbo èbúté
pé n ó ra ẹ́ńjìnnì tuntun kí ọdún tó parí,
tí mo ṣì ń sọ ọ́, tí mo ń fi kún un.

Jímọ̀ tó kọjá: éésì àti ọba, bíi ti ìjọ́sí.
Ẹ̀wá, ẹ̀sán, ẹ̀jọ ló ṣí. Kò sí tèmi níbẹ̀.
Ọwọ́ mi ti dé orí ìdérí.
Mo gbé e kúrò. Mo lu àpótí.
Sàbítíù wò mí, kò rẹ́rìn-ín.
Atẹ́gùn òjò wá gbé káàdì kẹrin sínú ọ̀sà
kí ẹnikẹ́ni tó rí ojú rẹ̀.
Mọnsúrá ní èje ni.
Mi ò bá a jiyàn.