Kílípà Idalina

Inú páálí bàtà ni mo ti bá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
ó wé wáyà mọ́ra bí ejò tí òtútù mú.
Irun dúdú ṣì há sí i léyín,
irun èṣí,
ti ọjọ́ tí Idalina gẹ ajá yìí kẹ́yìn
kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e lọ sí ọsibítù ní Faro.
Báàgì aṣọ rẹ̀ nìkan ló bá ọkọ̀ padà.

Farrusco jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí,
àbí mo rò pé ó ń wò mí: irun ti bo ojú.
Ti abíyá rẹ̀ ti dì bí àwọ̀n tó lọ́ pọ̀,
iyọ̀ òkun ńbẹ̀, iyanrìn ńbẹ̀,
eegun sàdíìnì kan ńbẹ̀ tí n kò mọ ìtàn rẹ̀.
Gbogbo Culatra ti ń bi mí létí omi,
"Baltasar, ajá nìyí àbí àgùntàn?"

Wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí.
Olórí rèé, ó ń ju ìrù.
Onígbàjámọ̀ ni kò sí nílé.

Mo ki ẹnu wáyà bọ iná.
Kílípà hó, ó kùn, ó gbọ̀n lọ́wọ́ mi,
mo tì í bọ inú irun dídì náà tòun ti iyanrìn rẹ̀.
Kò gé, ó fà.
Ajá ké. Ó sá wọ abẹ́ tábìlì.
Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sá tẹ̀lé e.

Ogójì ọdún ni mo fi tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe ní erékùṣù yìí.
Mo lè fi etí nìkan mọ èyí tí òùngbẹ ọ́ìlì ń gbẹ.
Mo sì di irin kékeré yìí mú, ó ń pariwo òùngbẹ,
mo rò pé inú ló ń bí i.

Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀:
ẹnìkan ní í bá a gbẹ́ ẹ.
Ojú mi ló ṣe, nínú ilé kan náà,
mo ń jẹun, mo ń ka ìwé ìròyìn,
n kò gbójú sókè.

Ẹ̀yìn ìdérí páálí ni mo ti rí ìwé ọwọ́ rẹ̀,
pẹ́ńsùlù, lẹ́tà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́:
Wẹ̀ ẹ́ ná. Jẹ́ kó gbẹ dé awọ. Fi òòyà yà á.
Abẹ tó bá ń fẹnu kan omi, yóò dógùn-ún.
Tú nọ́ọ̀tì méjèèjì, fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mi gbá irun inú rẹ̀.
Eyín òkè kò gbọdọ̀ yọ ju tìsàlẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ ló ń tibẹ̀ wá.
Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, fi abẹ kan ọrùn ọwọ́ rẹ:
bó bá jó ọ, yóò jó o.
Ọ́ìlì, ẹ̀kán mẹ́ta.
Má fi ti ẹ́ńjìnnì sí i o, Baltasar.

Mo ka orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì.
N kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Kò sọ fún mi rí.
Ó ti jókòó níbì kan nínú ilé yìí, ó ti mọ̀,
ó ń wá pẹ́ńsùlù.

Ọjọ́ Sátidé ni mo tó tún mú un.
Ajá ti wẹ̀, ó ti gbẹ, ó ń ta sánsán bí ọṣẹ.
Mo gbé e sórí tábìlì, mo fi apá òsì gbá a mọ́ra,
mo bẹ̀rẹ̀ láti egungun ìhà tó kẹ́yìn lọ sí ìdí,
ibi tí irun ń sùn sí ni mo ń bá a lọ,
mo fi ti àyà sílẹ̀ nítorí òtútù omi,
mo fi òdòdó irun kan sílẹ̀ ní ṣóńṣó ìrù
bí a ti ń ṣe fún ajá apẹja láti ayé bàbá wa.
Ohùn kílípà ti wálẹ̀, bí ẹni ń hanrun lókèèrè.
Mo fi kan ọrùn ọwọ́. Mo dúró. Mo tún fi kan.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rí págunpàgun.
Zulmira aládùúgbò ní eku ló jẹ ẹ́.
Mo ní kò burú, irun ni, yóò tún hù.

Lórí pẹpẹ ìsàlẹ̀ báyìí, ìgò méjì ló wà:
ọ̀kan ti ọkọ̀, ọ̀kan ti kílípà.
Mo fi ìkòkò iyọ̀ sáàárín wọn
kí ọwọ́ mi má baà ṣìnà lókùnkùn.