Òrùka Ọdún Ọ̀dá

Bàbá mi, Verlin, kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́.
Ó jókòó lórí garawa tó dojú bolẹ̀ nínú àká,
páànù òrùlé ń payín keke nínú ẹ̀fúùfù Kánsásì,
ó ní, "Gbé e wá. Èyí tí Lyle gé."
Igi bódáàkì. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti sùn lórí àjà,
ọdún méje sì rèé tí ẹni tó gé e kò kọ lẹ́tà.

Mo bó èèpo rẹ̀. Inú rẹ̀ pọ́n bíi pupa ẹyin.
Àwọn Ọ́séèjì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́;
Faransé dé, ó pè é ní igi ọrun;
àwa dé, a fi í ṣe òpó ọgbà màlúù.

"Ka òrùka rẹ̀," ni Bàbá wí.
Ọdún òjò fẹ̀ bí èékánná. Ọdún ọ̀dá dà bí etí ìwé.
"Mú ọdún kan tó sanra, kó o máa tẹ̀ lé e
láti orí dé ìdí. Má gé e já.
Bí kókó bá dúró lọ́nà, yí kókó po.
Bó bá wọ́, kí ìwọ náà wọ́.
Ẹ̀yìn ọrun kì í gba irọ́."

Mo mú ọ̀bẹ eléèkù méjì.
Mo gé ọdún tó sanra já.
Mo sọ̀kalẹ̀ sí èyí tó tẹ̀ lé e, mo gé òun náà já.
Àwọn àgbà ní osán já, ọrun dọ̀pá;
ní ti èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, osán kò já rárá,
ọrun gan-an ló ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.
Níkẹyìn ọ̀bẹ bà lé òrùka kan, tín-ín-rín,
ọdún tí kànga gbẹ,
tí a ń ra omi wẹ Màmá lórí ibùsùn.
Mi ò sọ fún Bàbá.
Ó na àtàǹpàkò, ó fi tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀,
ó dákẹ́, ó pẹ́.
"Èyí náà yóò gbé e," ló wí.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi fá ikùn rẹ̀.
Mo so ó mọ́ ògiri, mo ń fa okùn díẹ̀díẹ̀,
Bàbá di ojú méjèèjì, ó ń fi etí wo igi.
"Apá òsì ń ráhùn. Fá a. Ó tó.
Mo ní ó tó, Oleta!"

Nínú fìrísà, lábẹ́ àgbàdo,
awọ méjì wà ní kíká bí ìbọ̀sẹ̀.
Ọ̀kan ni ti ejò oníṣaworo tó bu Tupper, ajá wa, jẹ
lẹ́bàá ẹ̀rọ omi; ṣọ́bìrì Bàbá ló dá a lóhùn.
Èkejì, ọwọ́ Orpha Klassen ló ti wá,
ó fi gba ìgò kúkúńbà méjì lọ́wọ́ wa.
Àmì ara wọn kò bára mu. Ọ̀kan gùn ju èkejì lọ.

A rẹ wọ́n. A po àtè, òórùn rẹ̀ bí màlúù tí òjò pa.
Ìrù kọjú sí ṣóńṣó, ọrùn pàdé ọrùn níbi ìdìmú.
Báńdéèjì tó ṣẹ́kù nínú àpótí Màmá la fi wé e
bí ẹni wé apá tó kán.
Mo bi í: "Ṣé awọ yìí ni kò ní jẹ́ kó ṣẹ́?"
"Awọ ò gba igi kankan là," ni Bàbá wí.
"Ṣùgbọ́n igi tó wà níhòòhò a máa mu ìrì."

Lówùúrọ̀, mo tú báńdéèjì. Ìpẹ́ ń re sí mi lẹ́sẹ̀,
fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí èékánná ọmọ tuntun.
Mo gbé ọrun kọ́ ọrùn,
mo jáde sábẹ́ ọ̀run tí kò ru ìkúùkù kankan.
Ìdì koríko wà ní ogún ìṣísẹ̀.
Mo fà á. Kò ráhùn.
Ọfà fò kọjá koríko,
ó gún àgbá omi òjò ní ìhà, gbì.

Bàbá rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ láti ìgbà ìkórè:
"Mo gbọ́ ọ. Ó pa nǹkan."
Lẹ́yìn náà ló gbọ́ omi tó ń dà.
"Sáré, lọ dí ihò yẹn, ọmọ mi,
ọdún yìí náà tín-ín-rín."